Oúnjẹ òrìṣà, àfibọ̀rìṣà àti ẹ̀rí-ọkàn ẹlẹgẹ́

Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí bí a ṣe máa túmọ̀ Kọ́ríńtì Kìíní orí 8 àti 10 sí Yorùbá. Àkọ́kọ́ ní ká máa pe ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà eidolothuton ní "oúnjẹ òrìṣà", nítorí pé "ohun tí a fi rúbọ sí òrìṣà" ti gùn jù. Èkejì ní ká dá "àjọmọ̀" sílẹ̀ fún syneidesis, ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ohun tó ń dá èèyàn lẹ́bi tàbí láre nínú ọkàn rẹ̀, ká má lo "ẹ̀rí-ọkàn" mọ́. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí "oúnjẹ òrìṣà" ṣe ń dún létí. Oúnjẹ ọmọdé ni èyí tí ọmọdé ń jẹ, oúnjẹ ajá ni ti ajá. Ẹni tó bá gbọ́ "oúnjẹ òrìṣà" á rò pé ohun tí òrìṣà fẹ́ràn láti jẹ là ń sọ. Ohun tí èèyàn ń jẹ sì ni Pọ́ọ̀lù ń sọ. Bí wọ́n bá pa ẹran nínú tẹ́ńpìlì, wọn a sun apá kan lórí pẹpẹ, àlùfáà a mú ìpín tirẹ̀, wọ́n á jẹ ìyókù níbẹ̀, tàbí kó dé ọ̀dọ̀ alápatà ní ọjà ẹran, èyí tí Pọ́ọ̀lù pè ní makellon. Ẹran kan ṣoṣo lè gba ọ̀nà mẹ́ta dé ẹnu Kristẹni, ìdájọ́ rẹ̀ kò sì rí bákan náà. Kí ó jókòó sídìí tábìlì nínú ilé òrìṣà (8:10; 10:21), rárá. Kí ó rà á lọ́jà (10:25), kó rà á kó jẹ ẹ́, kó má wádìí. Bí aláìgbàgbọ́ bá pè é wálé (10:27), kó jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá là á mọ́lẹ̀ pé wọ́n ti fi rúbọ. Ẹran náà kò yí padà. Ibi tí a ti ń jẹ ẹ́ àti ohun tí ẹnì kan sọ nípa rẹ̀ ló yàtọ̀. Orúkọ tó bá di gbogbo ẹ̀bi ru oúnjẹ fúnra rẹ̀ á bo èyí mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo dábàá ni "àfibọ̀rìṣà". A ti ní "abọ̀rìṣà" tẹ́lẹ̀; ẹ kàn fi "fi" kún un. Mo yan "bọ" ju "rú" lọ nítorí pé ẹni tó bá gbọ́ ẹbọ sábà máa ń rí igbá tí wọ́n gbé sí oríta, tí kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ á máa bi ara rẹ̀ pé ta ló fẹ́ jẹ ẹbọ gan-an, ìṣòro àwọn ará Kọ́ríńtì kò sì ní yé e. Ẹran tí wọ́n fi bọ òrìṣà, àwọn olùbọ ń jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí a má yí òrìṣà padà sí ère ní 8:4, bí àwọn kan ṣe ń fẹ́. Pé igi gbígbẹ́ kò jẹ́ nǹkan kan, abọ̀rìṣà pàápàá lè gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ère náà dúró fún ni gbólóhùn yẹn kọlù.

Ní 10:28, àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù ní hierothuton, "ohun ìrúbọ mímọ́", ọ̀rọ̀ tí olùbọ fúnra rẹ̀ ń lò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tó tẹ̀ lé wọn ti sọ ọ́ di eidolothuton. Nínú ilé onílé ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, lójú ẹni tó se oúnjẹ. "Ẹran ìrúbọ" tó níbẹ̀, láìdárúkọ òrìṣà. Kí a má sì fi àfibọ̀rìṣà pe oúnjẹ gbogbo ẹ̀sìn: ẹran iléyá kì í ṣe ti òrìṣà kankan. "Oúnjẹ ìjọsìn ẹlòmíràn" ló yẹ kó kó gbogbo wọn pọ̀.

Ó ku "àjọmọ̀". Lóòótọ́, syn ni "àjọ", mímọ̀ sì ni ìyókù, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún kọ. Ṣùgbọ́n ẹni méjì tó ní àṣírí lètí ń gbọ́ nínú rẹ̀. "Ẹ̀rí-ọkàn" dára jù: ní Róòmù 2:15, ẹ̀rí-ọkàn ń jẹ́rìí pẹ̀lú èèyàn, èdè wa sì fi ẹ̀rí méjèèjì hàn kedere.

Ibi tó ń dùn mí ni "ẹ̀rí-ọkàn aláìlera" ti 8:7. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í dá lẹ́bi ló ní irú rẹ̀, ẹni tó lè hùwàkíwà láìbìkítà. Òdìkejì gan-an ni. Ọkàn ẹni yìí tètè ń dá a lẹ́bi. Òrìṣà ti mọ́ ọn lára rí débi pé bó bá jẹ ẹran náà, bí ìgbà tó padà sídìí ìbọ ló ń rí lójú rẹ̀. Bó bá rí ọlọ́gbọ́n tó jókòó nílé òrìṣà, á jẹ ẹ́ lòdì sí ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ. "Ẹlẹgẹ́" ló bá a mu, bí ohun tí a kì í fọwọ́ líle mú. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí Pọ́ọ̀lù lò ní 8:12, "lù" ni, bí ẹni ń fi ọwọ́ lu èèyàn. Tí a bá kọ ọ́ pé "ẹ ń lu ẹ̀rí-ọkàn wọn tó jẹ́ ẹlẹgẹ́", kò sẹ́ni tó máa bi wá pé ta ló fara gbá a.