Ẹ̀yin tí ẹ ti fi owó ẹyọ tuntun ránṣẹ́ fún gíréèdì, kí lojú yín rí?

Bàbá Ìbejì, Maryland
Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ má baà ní mo kàn ń tú yín wò.

Silver Eagle ni mo máa ń rà, owó ẹyọ fàdákà tí Amẹ́ríkà ti ń ṣe láti 1986. Dọ́là kan ni wọ́n kọ sí i lára, àmọ́ áúǹsì fàdákà kan gbáko ni. Wèrè nìkan ló máa ná an ní dọ́là kan. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ ní 2021, tí wọ́n fi idì tó fẹ́ bà síbẹ̀, mo ra márùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń yẹ owó ẹyọ wò, kí wọ́n fún wọn ní máàkì (gíréèdì nìyẹn), kí wọ́n sì lẹ̀ wọ́n pa sínú ike.

Láti 1 dé 70 ni máàkì yẹn. 70 ni èyí tí wọ́n fi awò sọ di ńlá ní ìlọ́po márùn-ún tí wọn kò rí àléébù kankan. Ọkàn mi balẹ̀. N kò fọwọ́ kàn wọ́n rí, kí ló fẹ́ ṣe wọ́n?

Oṣù méjì gbáko. Ìgbà tí wọ́n dé, ẹyọ kan gba 70, mẹ́ta gba 69, ìkarùn-ún gba 68 torí ó ti yọ àbàwọ́n funfun, bí ẹni pé mílíìkì kán sí i. Mo jókòó ṣírò: owó àyẹ̀wò, owó ìfiránṣẹ́ ní àlọ àti àbọ̀, owó ìnṣọ́ránsì. Mo kó àwọn 69 lọ bá ẹni tó ń ra owó ẹyọ, kò tilẹ̀ wo ike yẹn, iye fàdákà ló pè, ó fi díẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ayé òde òní ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa débi pé 69 pọ̀ bíi yanrìn. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ike lẹ rà.”

Àǹtí Peckham
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Owó ẹyọ 50 pence ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 2009, ni tèmi, èyí tó ní àwòrán ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. 210,000 péré ni wọ́n kó sígboro, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń wá a. Mo rí ọ̀kan nínú ṣéńjì, ó ti họ yánnayànna, ta ló máa fi ìyẹn ránṣẹ́? Mo wá ra òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń dán gbinrin. Mo ti ń kọ fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ kí ọmọ mi tó ní ká gbé e lé ìwọ̀n tí mo fi ń wọn fúláwà kéèkì. Gíráàmù mẹ́jọ ló yẹ kó jẹ́. Kò pé méje. Ayédèrú! Ẹni tó tà á fún mi ti pòórá.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
Ti ìpamọ́ ló dun èmi. Bàbá mi fi kọ́bọ̀ 1973 sílẹ̀ fún mi, ọdún tí náírà àti kọ́bọ̀ kọ́kọ́ dé. Mo tò wọ́n sínú álúbọ́ọ̀mù oníke rírọ̀, irú èyí tó ń rùn bíi róbà tuntun. Òjò ọdún méjì ò tíì rọ̀ tán tí wọ́n fi yọ nǹkan aláwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ bí ilá. PVC, irú ike tí wọ́n fi ṣe álúbọ́ọ̀mù yẹn, ló fà á, ooru àti ọ̀rinrin ilé wa sì ràn án lọ́wọ́. Èmi náà bá lọ fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ̀ wọ́n. Ẹ má rín mi o.

Bàbá Ìbejì, Maryland
Kàn-ìn-kàn-ìn kẹ̀! Ẹ kú ìrọ́jú.

Èmi ti fi ìyókù tèmi tí n kò fi ránṣẹ́ sílẹ̀ nínú ike líle àti páálí tí wọ́n bá wá, tàwọn tìwé ẹ̀rí wọn. Mo sì ju àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó ń wà nínú páálí bàtà, sínú àpótí. Bó bá jẹ́ Silver Eagle 1995 tó ní lẹ́tà W, àmì ibi tí wọ́n ti ṣe é, ni mo ní, tó jẹ́ 30,125 péré ni wọ́n ṣe, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi ránṣẹ́ fún gíréèdì, torí ẹni tó máa ra irú ìyẹn á fẹ́ ìdánilójú. Ṣùgbọ́n èyí tó kún ìgboro yìí? Ó tì.

Ti 68 yẹn, àwọn ìbejì ti gbà á. Wọ́n ń fi ta ọjà lẹ́yìn ilé.