Póní tó ní laminitis: ṣé kí n da aṣọ bò ó nígbà òtútù?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń tọ́jú ẹṣin, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Póní mi (ẹṣin kékeré) wúwo tó 250 kg, ínsúlínì, hòmóònù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára rẹ̀, laminitis (àrùn inú pátákò tó máa ń dun ẹṣin gan-an) sì ti mú un rí. Ọ̀rá ọrùn rẹ̀ ṣì le gbagidi, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ da aṣọ tó nípọn bò ó: òtútù ló yẹ kó jó ọ̀rá yẹn. Aṣọ òjò tí kò ní òwú nínú (0 g) nìkan ló ń wọ̀, ìyẹn bí òjò àti afẹ́fẹ́ bá pa pọ̀.

Koríko gbígbẹ 4.4 kg ló ń jẹ lójúmọ́. Tí a bá yọ ọ̀rinrin rẹ̀ kúrò, ó tó 1.5% ìwúwo rẹ̀. Mo máa ń wọ̀n ọ́n kí n tó rẹ ẹ́, màá sì da omi náà nù nítorí ṣúgà ti jò sínú rẹ̀. Mínírà náà ń bómi lọ, mo ń fi òmíràn dípò. Kì í jẹko láàárọ̀ tí ìrì bá dì tí oòrùn sì ràn: koríko kò lè dàgbà, ṣúgà á wá kó jọ sínú ewé.

Ẹsẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Bí òtútù bá ti mú gan-an, á máa tiro lórí ilẹ̀ líle, síbẹ̀ pátákò rẹ̀ kò gbóná, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lù kíkankíkan. Dókítà ẹranko máa yẹ ínsúlínì àti ACTH (hòmóònù kan tó ń wá láti inú ọpọlọ) wò. Kó tó dé, ṣé kí n wé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí n wọ bàtà onítìmùtìmù fún un, kí n fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láìbò? Àbí aṣọ 100 g lóru ló sàn?