Iṣẹ́ títún ilé ṣe tí mo ń ṣe nítorí ìdílé ò jẹ́ kí n rí ìdílé mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ẹ ṣe sùúrù kà á tán, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀ ni. Iṣẹ́ títún ilé ṣe ni mo ń ṣe, táìsì ni mo kọ́kọ́ kọ́, kí n tó di kọ̀ntírátọ̀ tó ń gba iṣẹ́ látòkè délẹ̀, wíwó ògiri, kíṣìnì, bálùwẹ̀, àjà, ọ̀dà, gbogbo ẹ̀. Ìgbà tíyàwó mi lóyún ìbejì ni mo kúrò lábẹ́ ọ̀gá, mo wò ó pé owó ojúmọ́ ò lè gbọ́ bùkátà ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì fẹ́ kó jẹ́ èmi ni n ó máa pinnu ìgbà tí mo bá wọlé. Ẹ wá wo nǹkan. Iṣẹ́ wà o, mi ò ní parọ́, kọ́sítọ́mà kan ló ń mú òmíì wá, ṣùgbọ́n mo ń jáde kílẹ̀ tó mọ́, mo ń wọlé nígbà táwọn ọmọ ti sùn, ọjọ́ ìsinmi gan-an ìṣirò ni mo ń ṣe, fóònù ò jẹ́ n gbádùn. Owó ò sì dúró lọ́wọ́, àdífáànsì iṣẹ́ tuntun ni mo fi ń parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Ní báyìí ilé iṣẹ́ kan fẹ́ gbà mí bíi supafáísọ̀, owó oṣù ni, ìsinmi wà ńbẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n gbà á. Ẹlòmíì tún fẹ́ gbé odindi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ fún mi pé kí n tú inú ẹ̀ palẹ̀ kí n tún un ṣe, mi ò tíì gba irú iṣẹ́ tó tóbi tó yẹn rí. Èwo ni kí n mú? Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ni kó dá mi lóhùn o, ẹ má ní kí n lọ kọ́ kọ̀ǹpútà.

Olówó Oṣù
Gba supafáísọ̀ jàre. Kí la ń rò níbẹ̀?

Ọ̀gá Onípákó
Àbúrò, fi ìyẹn sílẹ̀ ná. O ní àdífáànsì iṣẹ́ tuntun lo fi ń parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti ń jò. Báwo lo ṣe ń dá owó lé iṣẹ́? Torí púpọ̀ nínú wa, owó ọjà àti owó lébìrà nìkan la máa ń kà, a ó wá fi díẹ̀ lé e, a ní èrè nìyẹn. Mọ́tò ńkọ́, ẹ̀rọ tó ń gé táìsì tó bàjẹ́ ńkọ́, ọjọ́ tó o fi lọ wọn ilé tí wọn ò sì gbé iṣẹ́ fún ẹ, òru tó o fi ń ṣírò, ta ló ń sanwó yẹn? Ìyàwó àtọmọ ẹ ni. O ò fún ara ẹ lówó oṣù, o kàn ń mú èyí tó bá ṣẹ́kù.

Ohun kan wà tó máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Tí iṣẹ́ bá ná ẹ ní 100 tó o fi 25 lé e, má rò pé 25 nínú ọgọ́rùn-ún lo jẹ o. 25 nínú 125 ni, ìyẹn 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá jẹ́ 25 gan-an lo fẹ́ kó ṣẹ́kù nínú gbogbo 100 tí wọ́n bá san, nǹkan bíi 33 lo máa fi lé e. Lọ gbé iṣẹ́ mẹ́ta tó o ṣe kẹ́yìn jáde kó o ṣírò ẹ̀ báyìí.

Màmá Ìyanu
Bàbá Ìbejì, ìyàwó kọ̀ntírátọ̀ lèmi náà, ẹ jẹ́ kí n bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe owó nìkan ló ń dùn ún, mo mọ̀. Ẹ sọ pé ilé àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ gbé fún yín, ẹ bi wọ́n léèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Ọ̀dà àtijọ́ máa ń ní òjé nínú, ní Amẹ́ríkà 1978 ni wọ́n tó fòfin dè é nínú ilé gbígbé, tẹ́ ẹ bá ha á, eruku ẹ̀ á bá aṣọ yín wálé, ọpọlọ àwọn ọmọdé ló sì ń bá jà jù. Àjà àti páìpù ilé àtijọ́ náà lè ní asbestos, ohun ìkọ́lé àtijọ́ kan tí eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi háńmà fọ́ ọ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Eruku kọnkéré àti táìsì tẹ́ ẹ ń gé náà ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró díẹ̀díẹ̀, kó yé yín pé aṣọ tí wọ́n fi ń bo imú lásán ò dá a dúró, omi ni kẹ́ ẹ fi máa gé e. Ilé tiwa, ẹnu ọ̀nà lọ́kọ mi ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́, á wẹ̀ kó tó gbé ọmọ. Ó kọ́kọ́ ń bínú pé mò ń lé òun bí àlejò ni 😂

Ẹnjiníà
Mi ò ní kó o má gba ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn o, ṣùgbọ́n ṣé o mọ ògiri tó ń gbé òkè ró níbẹ̀? Kì í ṣe nípa kíkàn án gbọ́ dídún ẹ̀. Ẹnjiníà ni kó wò ó, kó ya bíìmù tó máa rọ́pò ẹ̀, owó tiẹ̀ á sì wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí kọnkéré tuntun bá wà níbẹ̀, ọjọ́ 28 la fi ń wọn agbára ẹ̀, má jẹ́ kí ìkánjú oníbàárà mú ẹ yọ òpó tó o fi tì í kó tó tó àkókò. Bálùwẹ̀ òkè, fi ohun tí omi ò lè gbà kọjá sí i kó o tó lẹ táìsì, kó o dí ojú ihò, kó o da omi sí i fún wákàtí 24, kó o lọ wo àjà ìsàlẹ̀. Èmi máa ń fi 15 nínú ọgọ́rùn-ún pamọ́ fún ohun tá a máa bá lẹ́yìn ògiri tó bá jẹ́ ilé àtijọ́, àwọn míì ń fi 20. Sọ fún oníbàárà pé owó yẹn wà, má fi pamọ́ fún un.

Olùgbé
Ẹ jẹ́ kí àwa tá à ń gbé iṣẹ́ fún yín náà sọ tiwa. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí kọ̀ntírátọ̀ tó ti bí mi nínú torí pé owó ẹ̀ pọ̀. Èyí tó máa dákẹ́, tí ò ní gbé fóònù, tó máa wá ní ìparí kó ní "mọ̀mí, owó ti lé o", ìyẹn ni mi ò lè gbà. Tí mo bá ní kẹ́ ẹ sún ilẹ̀kùn síbòmíì, ẹ kọ ọ́, ẹ kọ iye tó máa ná mi àti ọjọ́ tó máa fi kún un, kí n fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó gbé háńmà. Ẹ sì yan àkókò kan lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa fi èsì ránṣẹ́. Tí mo bá mọ̀ pé aago márùn-ún lẹ̀ ń fi fọ́tò ránṣẹ́, kí ni mo fẹ́ pè yín láago mẹ́wàá alẹ́ fún?

Bàbá Ìbejì
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀gá Onípákó, mo ṣe ìṣirò tẹ́ ẹ ní kí n ṣe yẹn, iṣẹ́ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lébìrà mi jẹ èrè jù mí lọ 😩. Ìyàwó mi ló bá mi kà á, ó ní tó bá jẹ́ pé báyìí ni mo ṣe ń dá owó lé e, kò yà á lẹ́nu pé owó oṣù ló dára. Ilé iṣẹ́ yẹn ní àwọn máa dúró dè mí títí di ìparí oṣù. Ohun tó wà lọ́kàn mi báyìí ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, tí mo bá fi gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ kà yìí lé e, tí mo sì ní kó máa san án ní ìpele ìpele, ṣé oníbàárà ò ní sá?

Olówó Oṣù
Á sá 😂

Ọ̀gá Onípákó
Jẹ́ kó sá, o sáà ti ní owó oṣù tó ń dúró dè ẹ́. Pín in báyìí: èyí tó máa ra ọjà àkọ́kọ́ kó o tó wọlé, òmíì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti wó inú ẹ̀ tán tí ẹnjiníà sì ti wò ó, òmíì nígbà tí páìpù àti wáyà bá ti wọ ògiri kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ, òmíì lẹ́yìn táìsì, kí díẹ̀ kù sílẹ̀ dọjọ́ tó o máa kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Ìpele kan ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ tí owó ẹ̀ ò bá tíì wọlé, iṣẹ́ ẹlòmíì ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó yẹn, ya àkáǹtì ẹ̀ sọ́tọ̀. Kọ ọ́ tán kó o gbé e síbí ká bá ẹ wò ó, ṣùgbọ́n yọ orúkọ oníbàárà àti àdírẹ́sì kúrò.