Ọ̀rọ̀ orúkọ sáfà inú phpMyAdmin ti yanjú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo bèèrè lọ́jọ́sí bí mo ṣe lè yí orúkọ sáfà wa méjèèjì (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátábéèsì) nínú phpMyAdmin, ètò tí a fi ń bójú tó dátábéèsì, ti Lagere àti ti Mayfair n'Ífẹ̀ níbí, padà. Nọ́ńbà IP, ìyẹn àdírẹ́sì sáfà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nìkan ló ń hàn, ọmọ iṣẹ́ wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àkọsílẹ̀ oníbàárà rẹ́ lórí èyí tí kò yẹ. Àyà mi já lọ́jọ́ náà.

'host', ìyẹn àdírẹ́sì tí phpMyAdmin fi ń wá sáfà, ni mo kọ́kọ́ yí, ni ìsopọ̀ bá já. Mo dá a padà. 'verbose', ìyẹn orúkọ tó ń hàn lójú, nínú config.inc.php (fáìlì ìṣètò phpMyAdmin) ló yẹ kéèyàn fọwọ́ kàn:

$cfg['Servers'][$i]['verbose'] = 'Lagere';

Mo ṣe èkejì náà bẹ́ẹ̀, orúkọ méjèèjì sì hàn kedere. Dátábéèsì kò mira rárá. Ẹni tó ní kí n wo 'verbose', ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ọ̀rọ̀ náà pa síbí.