Plate kílọ́ọ̀ṣì nìkan àbí gbogbo ẹ̀?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹni tó bá mọ̀ nípa mọ́tò ẹ gbà mí o. Corolla '94 ni mò ń wà, manual, tí n bá ti ń gun òkè Mókọlá n'Íbàdàn báyìí ẹ́ńjìnnì á kàn máa ké ṣùgbọ́n mọ́tò ò ní fà, òórùn nǹkan tó ń jó á wá gba inú ẹ̀ kan, ó tún dìgbà tí n bá fẹ́ẹ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì tán kó tó mú. Mẹkáníìkì ní kí n ra plate tòkúnbọ̀ nìkan, pé pressure plate (irin tó ń tẹ plate mọ́ ara flywheel) ṣì dáa, bẹ́ẹ̀ kò tíì sọ gearbox kalẹ̀ o, ibo ló ti rí i? Ṣé kí n kúkú ra gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú bearing ní Gate? Flywheel (irin ribiti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tí plate ń fara mọ́) ńkọ́, ṣé dandan ni kí wọ́n fá a? Ọ́ìlì tún ń jò díẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀.