Àgbàlagbà méjì, oògùn kún báàgì, Nọ́wè ló kù: ẹ wá sọ ìrírí yín

Màmá Peckham
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ ń múra àtilọ sí Nọ́wè lóṣù Kẹfà, ká sì gba Swídìn àti Dẹ́nmáàkì padà bí ara bá gbà fún wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà lára bàbá, orúnkún ni tèmi. Àwọn ọmọ ní ká jókòó jẹ́ẹ́ sílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ibẹ̀ pẹ̀lú àìlera, kí lojú yín rí? Ẹ má wulẹ̀ sọ ti òkè àti omi fún mi, ọ̀rọ̀ ara ni mo bá wá.

Bàbá Leeds
Ẹ lọ jàre, màmá. Ọkọ̀ ojú irin Oslo sí Bergen ni kẹ́ ẹ wọ̀, ó ń lọ bíi wákàtí méje. Ẹ má wọ bọ́ọ̀sì. Ìyàwó mi ń lo oògùn tó ń fa omi kúrò lára, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kò sí bó ṣe lè jókòó wákàtí kan láìdìde. Ilé ìtọ̀ wà nínú ọkọ̀ náà, ọkàn wa balẹ̀. Nígbà tá a dé Finse, ibùdókọ̀ kan lórí òkè lójú ọ̀nà náà, yìnyín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó yára fi ọwọ́ sí abíyá, ó ní, "Mo ti rí i, ẹ jẹ́ ká wọlé." Ohun tó fi ń yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí dòní nìyẹn.

Àdùkẹ́
Finse yẹn ò ga jù fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru?

Bàbá Leeds
1,222 mítà ni. Jos náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó bẹ́ẹ̀, a sì ti gbé ibẹ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì
Màmá Peckham, bí bàbá bá ń gún ìnsúlínì, ọwọ́ yín ni kó wà. Kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ikùn ọkọ̀ òfuurufú, torí ó lè dì níbẹ̀. Ìnsúlínì tó bá ti dì ti bàjẹ́, kódà bó yọ́ padà tẹ́ ẹ sì rò pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà, kó kọ orúkọ oògùn gan-an síbẹ̀, torí orúkọ tí wọ́n fi ń tà á máa ń yí padà láti ìlú dé ìlú. Ẹ pín oògùn sí báàgì méjì: bí ọ̀kan bá sọnù, ìkejì á gbà yín. Tramadol àti kódéìnì tí àwọn èèyàn wa máa ń kó rìn bíi súìtì, oògùn tí òfin ń ṣọ́ ni lọ́hùn-ún. Bí kò bá sí ìwé dókítà, ẹ fi sílé.

Pàṣán
Ìwé, ìwé, ìwé. Mo ti gbé oògùn wọ Copenhagen, ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì
A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bó bá di pé ẹ dákú lójú ọ̀nà, kí ni wọ́n máa fi mọ ohun tẹ́ ẹ ti lò láàárọ̀?

Ará Malmö
Àwọn òbí mi wá kí mi láti Ìbàdàn. A gba orí afárá Öresund tó so Swídìn pọ̀ mọ́ Dẹ́nmáàkì lọ sí Copenhagen, ọkọ̀ ojú irin ò pẹ́ rárá, a rìn káàkiri. Ọjọ́ kejì ni ó rẹ bàbá, mo bá gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò. Nọ́ọ̀sì gún wọn níka, ó wo ẹ̀rọ, ó ní ṣúgà wọn jẹ́ mẹ́sàn-án. Màmá mi ká ọwọ́ lérí: "Yéè, ọkọ mi ti kú!" Ẹ̀rọ tiwọn nílé máa ń gbé 160, 170, ẹ rí i báyìí. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀ ná, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò níbí yàtọ̀. Ẹ fi 18 sọ 9 di púpọ̀, 162 ni. Bàbá mi ń na ìka tí wọ́n gún síwájú, wọ́n ní, "Bá mi sọ fún ìyá rẹ pé mi ò tíì kú."

Àdùkẹ́
Màmá yìí pa mí lẹ́rìn-ín o! Ẹ bá mi kí wọn.

Ìyá Ìbejì
Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti rí i rí, bí ṣúgà ṣe ń já wálẹ̀ lára èèyàn, tí òógùn bò ó, tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́, ló mọ ohun tó mú màmá yẹn ké.

Ará Malmö
Òótọ́ ni, mà. Wọ́n sunkún títí wọ́n fi dé ilé.

Màmá Peckham
Ẹ ṣeun o. Ẹnì kan ò tíì dá orúnkún mi lóhùn.

Àdùkẹ́
Stockholm: òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà Gamla Stan, àdúgbò àtijọ́ ibẹ̀, ó ń gún ẹsẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ tó nípọn lábẹ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ wọn ò ní wàhálà, ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dé Bergen, ẹ má gun òkè kankan, Fløibanen, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń fi okùn fà gòkè, á gbé yín dé 320 mítà lórí ìjókòó. Ẹ mú agbòjò dání, òjò ibẹ̀ kì í sinmi.

Ìyá Ìbejì
Wíìṣíà ńkọ́? Àìsàn ọkàn ni ti ọkọ mi. Ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní jókòó sínú rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, pé òun ò ní fi ọwọ́ ara òun pe arọ. Ẹ wo bí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ìrìnnà wò ṣe jìn tó! Ó ń rìn díẹ̀, ó ń dúró díẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni ń ka pátákó.

Pàṣán
Àwọn èèyàn wa ló bà á jẹ́. Mo ti rí àwọn tí wọ́n tì wọ ọkọ̀, nígbà tí ọkọ̀ balẹ̀ l'Ékòó, àwọn ló kọ́kọ́ sáré dé ìdí ẹrù.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀gbẹ́ni Pàṣán, ẹ rọra. Ọkọ mi ga, ó síngbọnlẹ̀, aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí. Síbẹ̀, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ti pọ̀ jù fún un. Kí lẹ fẹ́ rí lójú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà pé ara rẹ̀ ò yá?

Pàṣán
Mi ò bá ọkọ yín wí, mà. Àwọn tó ń sáré ni mò ń sọ.

Bàbá Leeds
Òfin Yúróòpù ní kí wọ́n ran aláìlera lọ́wọ́ ní pápákọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní wákàtí 48 ṣáájú, ó kéré tán. Ọkọ yín lè ní kí wọ́n fi mọ́tò kékeré gbé òun, ibi tó bá wà. Ìyẹn ò ní dùn ún tó wíìṣíà.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ má fi àìsàn kankan pamọ́ fún àwọn oní-ìnṣọ́ránsì. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́; nígbà tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, wọn ò san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin oní páálí Gẹ̀ẹ́sì, káàdì GHIC, ìyẹn káàdì ìtọ́jú ìlera tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún yín fún ìrìn àjò, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í san owó gbígbé aláìsàn padà sílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba físà Schengen, 30,000 yúrò ni ìnṣọ́ránsì yẹn gbọdọ̀ tó, ẹ ka ohun tó sọ nípa àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀.

Ará Malmö
Nọ́ńbà: 112 ní Swídìn àti Dẹ́nmáàkì, 113 ní Nọ́wè fún ọkọ̀ aláìsàn. Bí kò bá le, 1177 ní Swídìn, 116117 ní Nọ́wè.

Alhaja Lókè Òkun
Àwa gòkè títí dé Tromsø, lápá àríwá Nọ́wè. Oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ láti bí 20 oṣù Karùn-ún títí di bí 22 oṣù Keje. Alhaji ò rí oorun sùn, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ga. Aṣọ dúdú la fi bo fèrèsé, aago fóònù la sì fi ń mọ ìgbà oògùn alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí ní Lofoten, àwọn erékùṣù Nọ́wè: okporoko! Wọ́n so orí ẹja kọ́ sórí igi, ó kún ìta lọ súà. Alhaji dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń fa òórùn rẹ̀ símú, wọ́n ní ẹ̀fọ́ rírò ló kù.

Pàṣán
Okporoko fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru? Iyọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́?

Alhaja Lókè Òkun
Wọn kì í fi iyọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ àti òtútù ló ń gbẹ ẹ́, láti oṣù Kejì títí di oṣù Karùn-ún. Èyí tí wọ́n fi iyọ̀ sí ni klippfisk, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì
Òótọ́ ni Alhaja sọ. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ wa ni ká máa bá jà, pẹ̀lú máàgì.

Pàṣán
Mo gbà. Máàgì jẹ̀bi.

Màmá Peckham
Ẹ kú àdúrótì o. Mo ti pe dókítà fún lẹ́tà. Bàbá ti ń ka gbogbo èyí lẹ́yìn mi, Lofoten nìkan ni wọ́n ń tẹnu mọ́.

Àdùkẹ́
Alhaja, orí kan, èló ni wọ́n ń tà á níbẹ̀?