Wọ́n ní kí ọmọ mi ka The Handmaid's Tale ní school, ṣé kí n sáìn pétíṣọ̀n?

Ìyá Dámi
Ẹ kú ilé o. Texas la wà, ọmọ mi obìnrin pé 17, tíṣà wọn ní kí wọ́n ka ìwé Margaret Atwood yìí, àwọn òbí kan wá ń gbé pétíṣọ̀n kiri pé ó ń bú ẹ̀sìn Kristi, pé ìbálòpọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ṣọ́ọ̀ṣì lèmi náà ń lọ o, àmọ́ mi ò ka ìwé ọ̀hún rí. Kí ló wà níbẹ̀ gan-an?

Tíṣà Àgbà
Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, mà. 1985 ló jáde. Àwọn kan tó ń fi Bíbélì bojú gbàjọba Amẹ́ríkà, wọ́n sọ ọ́ di Gilead, ọmọ bíbí ti wọ́n, wọ́n wá ń pín àwọn obìnrin tó ṣì lè bímọ fún àwọn ọ̀gá. Ẹ ṣí Gẹ́nẹ́sísì 30, ibi tí Rákélì ti fa Bílíhà lé Jákọ́bù lọ́wọ́ pé kó bímọ sórí eékún òun, ibẹ̀ yẹn gan-an ló fi ṣíde ìwé. Èyí tó ká mi lára jù ni ti ṣọ́ọ̀bù: ẹyin mẹ́ta, kòkòrò oyin kan, màlúù kan ni wọ́n yà sára bọ́ọ̀dù, torí obìnrin ò gbọdọ̀ kàwé mọ́. Ìwé yẹn náà ni wọ́n wá ní kí ọmọbìnrin má kà!

Bàbá Ìbejì
Tíṣà, ẹ rọra. Ibi tí ọ̀gá ti ń bá obìnrin yẹn sùn tí ìyàwó ilé di ọwọ́ ẹ̀ mú ńkọ́? Ẹ ó ka ìyẹn sétí ọmọ 14? Mi ò ní kí wọ́n dáná sun ún o, kí wọ́n ṣáà fún ọmọ tí òbí ẹ̀ ò bá fẹ́ ní ìwé míì.

Àdùkẹ́
Bọ̀dá, 17 ni wọ́n pè, ẹ ti dín in kù 😂. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Texas yìí rí, ní Judson lẹ́bàá San Antonio, 2006: òbí kan fẹjọ́ sùn, ọ̀gá àgbà àwọn school ibẹ̀ yọ ọ́, bọ́ọ̀dù àwọn school náà dá a padà. Lọ́dún 2025 ó tún bọ́ sínú ìwé tó lé ní 200 tí àwọn school Edmonton ní Kánádà fẹ́ kó kúrò torí òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ wọn ṣe lórí ìwé tí ìbálòpọ̀ wà nínú ẹ̀, ariwo ta kí ìjọba tó tún òfin yẹn kọ. Atwood ní kò sóhun tóun fi síbẹ̀ tí ọmọ aráyé ò ṣe rí, ẹ sáà wo Romania, 1966 ni Ceaușescu tó ń ṣèjọba níbẹ̀ fòfin de oyún ṣíṣẹ́ kí wọ́n lè máa bímọ fún ìjọba. (Apá kejì ẹ̀ gba ẹ̀bùn ìwé Booker 2019 pọ̀ mọ́ ìwé Bernardine Evaristo, bàbá tiẹ̀ ọmọ Nàìjíríà ni, ẹ jẹ́ n fi ṣe fáàrí díẹ̀.)

Ìyá Dámi
Ẹ ṣé o. Mo mú un lórí tábìlì ọmọ lánàá, mo ní ojú ewé méjì péré ni n ó wò, aago kan òru bá mi níbẹ̀. Mo ti dé ibi tí wọ́n lé gbogbo obìnrin níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, káàdì báǹkì obìnrin tó ń sọ ìtàn náà ò ṣiṣẹ́, owó ẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ọkọ. Bàbá Ìbejì, ibi tẹ́ ẹ wí yẹn le lóòótọ́, mo kọ́kọ́ pa ìwé dé ná. Mi ò sáìn o. Dámi ti ń bèèrè ìwé ẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ dúró di ọ̀la.